Ràsákì Oníyẹ̀fun Eegun àti Àsàkẹ́, Màlúù Rẹ̀

Ẹni tó bá ń wá ilé Ràsákì Àlàmú ní Agége kò nílò kó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Imú rẹ̀ ni yóò mú un débẹ̀. Bí ènìyàn bá ti kúrò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tó kọjú sí ọ̀nà Oko Ọba, òórùn eegun tí wọ́n ń sun yóò pàdé rẹ̀ lọ́nà, yóò sì bá a rìn títí dé ẹnu ọgbà kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Inú ọgbà yẹn ni Ràsákì máa ń jókòó sí lórí àpótí, tí yóò máa gún eegun, tí yóò máa jọ̀ ọ́, tí ìyẹ̀fun rẹ̀ yóò sì bo irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn aládùúgbò máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Ràsákì bá lè wẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ọdún mẹ́wàá á kúrò lára ọjọ́ orí rẹ̀.

Ọdún tí ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀ ni ó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé Ọ̀fà, ó ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin, ó sì bọ́ sílẹ̀ ní Agége nítorí pé owó tó wà lápò rẹ̀ kò gbé e dé Ìdó. Ó kọ́kọ́ ń ru obì fún àwọn oníṣòwò. Ọjọ́ kan ni ó kọjá ní odò ẹran, níbi tí àwọn alápatà ti ń pa màlúù, ó rí òkìtì eegun tí ajá àti igún ń jà sí, ó sì dúró wò ó pẹ́. Ó ti gbọ́ pé àwọn tó ń sin adìyẹ ní oko ìjọba ń wá eegun lílọ̀ kí ẹyin wọn lè ní èèpo tó le. Ohun tí ajá ń jà sí ni Ràsákì fi kọ́lé, tó fi fẹ́ Ojúọlápé, tó sì fi tọ́ Fàúsát, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, títí tó fi wọlé ọkọ ní Dòpèmú.

Iṣẹ́ tó bá bọ́ ènìyàn báyìí, ó máa ń di ẹ̀sìn kejì fún un. Ràsákì gba eegun gbọ́. Ó ń bu ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú ẹ̀kọ mu, ó ń fi í pa ehín, ó sì máa ń sọ fún ẹni tó bá dúró gbọ́ pé, “Eegun ló ń bọ́ eegun.” Bí orúnkún bá ń dun aládùúgbò, ìyẹ̀fun ni. Bí ọmọ bá pẹ́ kó tó rìn, ìyẹ̀fun náà ni. Ojúọlápé ní tirẹ̀ ti sọ fún un tipẹ́ pé òun kò fẹ́ ẹ nínú ọbẹ̀ òun, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Ohun kan wà tí Ràsákì fẹ́ràn ju eegun lọ, màlúù ni. Ó ti ra abo kan nígbà kan láti oko ìjọba, èyí tí ẹ̀jẹ̀ akọ òkè òkun wà lára rẹ̀, tó ń sun wàrà ju ti àwọn Fúlàní lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ó ń fún un ní abọ́ ìyẹ̀fun eegun láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ojúọlápé ń fi ewé bọmùbọmù mú wàrà náà dì, ó ń ṣe é ní wàràkàṣì, ó sì ń tà á. Nígbà tí abo yìí bímọ lẹ́ẹ̀kẹrin, ọjọ́ kejì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti gbé e. Ó wólẹ̀, etí rẹ̀ tutù, ó yí ọrùn sẹ́yìn, ó gbé orí lé ìhà ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn. Ràsákì gbé abọ́ ìyẹ̀fun eegun síwájú rẹ̀, kò lè jẹ ẹ́. Ẹran tó bá kú fúnra rẹ̀ kì í ṣe jíjẹ fún Mùsùlùmí, nítorí náà wọ́n ránṣẹ́ pe Suara alápatà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó mú ọ̀bẹ wá kí ẹ̀mí tó bọ́. Ràsákì ní àwọn ọ̀tá ló pa ẹran náà. Ọmọ tó fi sílẹ̀ ni Àsàkẹ́.

Àsàkẹ́ jẹ́ ọmọ òrukàn, Ràsákì sì kẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó fi páànù kọ́lé fún un, ó ta ẹní mọ́ ẹ̀gbẹ́ kí oòrùn má bàa rí i. Àwọn Fúlàní tó ń da ẹran kọjá máa ń béèrè bóyá ìyàwó ni tàbí màlúù. Láàárọ̀, abọ́ ìyẹ̀fun eegun kan, nírọ̀lẹ́, òmíràn. Bí oyún bá ti hàn lára rẹ̀, Ràsákì a sọ ọ́ di méjì-méjì, nítorí pé ohun tó pa ìyá kò gbọdọ̀ pa ọmọ.

Síbẹ̀, nígbà tí Àsàkẹ́ bímọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wó bí ìyá rẹ̀ ti wó, ó yí ọrùn bí ìyá rẹ̀ ti yí i. Suara ti pọ́n ọ̀bẹ tán kí Ọlọ́runníyì tó gun kẹ̀kẹ́ dé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Ọlọ́runníyì, ó ń ran àwọn dókítà ẹran lọ́wọ́ ní oko ìjọba. Gbogbo Agége ló ń pè é ní dókítà, òun náà kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó fa oògùn ìgò kan sínú iṣan ọrùn Àsàkẹ́. Kí omi tí Ojúọlápé gbé kaná tó hó, màlúù ti dìde, ó ń wá ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dọ̀bálẹ̀ kí Ọlọ́runníyì lọ́jọ́ náà, títí kan àwọn tó dàgbà tó láti bí i.

Ọdún kejì rẹ̀, 1957, ni ọ̀rọ̀ yìí gan-an bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fi katakata ya igbó Ìkẹjà nígbà náà kí wọ́n lè kọ́ ilé iṣẹ́ síbẹ̀, Ojúọlápé sì ń ta wàràkàṣì fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àsàkẹ́ ti tún lóyún oṣù méje. Ọlọ́runníyì wá dágbére pé wọ́n ń rán òun lọ sí Ìbàdàn fún oṣù mẹ́ta.

“Ìgò oògùn yẹn ńkọ́?” Ràsákì bi í. “Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún wa.”

“Kò sí ìkankan ní sítọ̀, Bàbá. Bí ó bá tiẹ̀ wà, kì í ṣe ohun tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ẹ̀ lè fà. Bó bá yára wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọkàn ẹran á dúró.” Ó yí Àsàkẹ́ po, ó fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀. “Kí lẹ fi ń bọ́ ọ?”

“Koríko, èèpo iṣu, ọkà bàbà díẹ̀. Ìyẹ̀fun eegun abọ́ méjì láàárọ̀, abọ́ méjì nírọ̀lẹ́.” Ràsákì sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí ìyìn.

Ọlọ́runníyì kò yìn ín. Ó jókòó lórí odó tí Ràsákì dojú rẹ̀ dé, ó ń nu ọwọ́.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ó jọ pé eegun yẹn ló ń gbé e ṣubú.”

Ràsákì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí i pé ọmọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, òun náà fi ẹ̀rín sílẹ̀.

“Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lágbára, dókítà, òun lẹ ní kí n má fún léegun?”

“Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Eegun inú ara màlúù, àká ni. Ohun funfun kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kálísíọ̀mù, òun náà ló wà nínú ìgò oògùn yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé díẹ̀ nínú ẹ̀ káàkiri, òun ló ń jẹ́ kí ẹran ara lè fà, kí ẹsẹ̀ lè dúró. Tí ẹran bá lóyún, ọmọ inú ń gba tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tó bá bímọ, wàrà á ya dé, wàrà ló sì ń kó o jù. Ẹ̀jẹ̀ á ṣófo, àfi kí àká tètè ṣí. Ara ní ẹni tó ń ṣí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń gbé e wá fún un láti ìta láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún oṣù méjì, kí ló fẹ́ wá débi àká? Á sùn. Kó tó jí, kó tó rántí ọ̀nà àká, ọjọ́ méjì á ti kọjá. Ọjọ́ méjì yẹn ló ń wó.”

Ojúọlápé ń ro wàrà lórí iná nítòsí wọn. Kò gbójú sókè. “Bí ọmọge tí ìyá ẹ̀ ń se gbogbo oúnjẹ fún ni,” ó ní, “tó délé ọkọ tí kò mọ ibi tí wọ́n ń kó igi sí.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Ìyá. Àwọn òyìnbó kan ní Amẹ́ríkà ti dán an wò. Àwọn màlúù tí wọ́n dín in kù fún kí wọ́n tó bímọ, àwọn ni kò wó.” Ó yíjú sí ilé páànù. “Ẹní yìí náà, ẹ ká a. Tí oòrùn bá ń pa awọ ẹran, ara rẹ̀ máa ń ṣe nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní fítámì Dí. Òun ló ń jẹ́ kí ìfun lè gba kálísíọ̀mù inú koríko, ó sì ń bá ẹni tó ń ṣí àká ṣiṣẹ́. Àsàkẹ́ ò rí oòrùn rí látìgbà tí wọ́n ti bí i.”

Ó wá ka ohun tí wọn yóò ṣe sí wọn létí. Láti ọjọ́ náà, kò gbọdọ̀ sí ìyẹ̀fun eegun títí Àsàkẹ́ yóò fi bímọ. Bó bá ti bímọ, kí wọ́n fún un dáadáa, nítorí ìgbà yẹn ni ìnáwó wàrà dé. Kí ó máa wà nínú oòrùn. Ó ní òun kò lè búra pé kò ní wó, ṣùgbọ́n bí ó bá wó, kò ní sí ẹni tí yóò gbé e dìde.

Inú bí Ràsákì fún ọjọ́ mẹ́ta. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹnikẹ́ni kì í fi oúnjẹ du aboyún. Ó tún dùn ún pé ọmọ tí òun dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ dúró nínú ọgbà òun, ó jókòó sórí odó òun, ó sì sọ pé ohun tí òun ti ń gún láti ọdún méjìdínlógún ni àìsàn màlúù òun. Ojúọlápé fi í sílẹ̀ kó bínú dé ibi tí yóò bínú dé. Lọ́jọ́ kẹrin ó na ọwọ́ sí i.

“Bàbá Fàúsát, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ wá.”

“Ìwọ náà ti gba ọmọ yẹn gbọ́.”

“Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti bọ́ màlúù bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n bọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló wó. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ẹ mú un wá.”

Ó mú un fún un. Obìnrin náà so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, kò sì tú u sílẹ̀ àní bó bá ń sùn.

Wọ́n ká ẹní, wọ́n fa Àsàkẹ́ jáde sínú pápá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ràsákì gba agbòòrùn Ojúọlápé, ó dúró ti màlúù, ó sì ta á sí i lórí láàárín pápá gbalasa. Ojúọlápé rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó bi í bóyá ibi ìkómọ ni Ràsákì àti màlúù ìyàwó rẹ̀ ń lọ. Ràsákì pa agbòòrùn dé, ṣùgbọ́n kò kúrò nídìí ẹran náà títí di ìrọ̀lẹ́, oòrùn sì pa àwọn méjèèjì.

Oòrùn kò ṣòro bí eegun. Àsàkẹ́ kò mọ̀ pé ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ nípa àká. Bó bá ti gbọ́ ìró odó, á fa okùn, á wá, á máa fi ahọ́n lá ẹnu odó, á lá ilẹ̀ tí ìyẹ̀fun bá ta sí, á sì gbójú sókè wo Ràsákì. Ojú tó fi ń wò ó yẹn le fún ọkùnrin náà ju èébú lọ. Bó bá ń jẹ ẹ̀kọ tirẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun, ńṣe ni ó máa ń kẹ̀yìn sí i bí olè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bímọ, Ojúọlápé lọ sí Ìkẹjà. Ràsákì fi ọwọ́ gbá ìsàlẹ̀ ajọ̀, ó gbọn àpò òfìfo mélòó kan, ohun tó rí kún fìlà rẹ̀. Ó ní fìlà kan péré kò lè ṣe nǹkan kan. Àsàkẹ́ jẹ ẹ́ tán, ó lá inú fìlà, ó lá ọwọ́ rẹ̀, inú Ràsákì sì dùn débi pé ó sọ̀rọ̀ sí i létí bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Ojúọlápé dé, ó sọ igbá kalẹ̀, ó wo imú dúdú màlúù náà, ó rí funfun níbẹ̀. Kò pariwo.

“Ẹ gbé fìlà yín wá kí n bá yín fọ̀ ọ́,” ó ní.

Ràsákì ṣí i kúrò lórí, ó fún un.

“Ẹ ò ní ṣe é mọ́.”

“Mi ò ní ṣe é mọ́.”

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ru odó, ajọ̀ àti gbogbo eegun lọ sí ẹ̀yìnkùlé Suara, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù fìlà yẹn kò kúrò lára rẹ̀. Ó ń rò ó pé bóyá ẹni tó ń ṣí àká ti ń jí, kí òun tó fi fìlà kan rẹ̀ ẹ́ sùn padà. Kò sí ẹni tó lè bi, nítorí Ọlọ́runníyì wà ní Ìbàdàn.

Ọjọ́bọ̀ kan ni Àsàkẹ́ bí abo, kó tó di ọ̀sán, láìsí wàhálà. Ojúọlápé tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìró, ó fún ọkọ rẹ̀. Ràsákì bu abọ́ mẹ́ta, Àsàkẹ́ jẹ ẹ́ tán. Ọmú rẹ̀ ti wú, ó le, wàrà ń kán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Lówùúrọ̀ Jímọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ojúọlápé di etí rẹ̀ mú, ó ní ó tutù. Ràsákì kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó rìn dé ilé Suara, ó ní, “Mú ọ̀bẹ,” wọ́n sì jọ padà.

Suara wo màlúù náà. Ó ṣì dúró, ṣùgbọ́n ó ya ẹsẹ̀, ó sì ń mì bí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba.

“Kó wó ná,” Suara ní. “Mi ò ní pa ẹran tó wà lórí ìdúró. Tó bá wó, tó sì yí ọrùn, ìgbà yẹn la máa ṣe é.” Ó jókòó sábẹ́ igi, ó gbé ọ̀bẹ lé itan, ó fi aṣọ bò ó.

Wọ́n dúró. Lẹ́ẹ̀kan, orúnkún Àsàkẹ́ kan ilẹ̀, Suara sì mú ọ̀bẹ. Àmọ́ màlúù náà tún dìde, ó mí kanlẹ̀. Ojúọlápé kò tú etí rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Jímọ̀, Suara dìde, ó ní òun á lọ kírun kí òun tó padà, ó sì fi ọ̀bẹ sílẹ̀ fún Ràsákì bí màlúù bá wó kí òun tó dé. Ràsákì kò bá a lọ. Kò tíì pa Jímọ̀ jẹ rí láti ìgbà tó ti dé Agége, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò lè gbé ẹsẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ẹran náà, ó ń bẹ Ọlọ́run nítorí fìlà kan.

“Bàbá Fàúsát,” Ojúọlápé pè é nígbà tó yá, jẹ́jẹ́. “Ẹ fọwọ́ kàn án.”

Etí ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ràsákì di ìkejì mú, òun náà ti ń gbóná. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rọra dúró, kò gbọ̀n mọ́. Àsàkẹ́ gbé ìrù, ó yàgbẹ́ rẹpẹtẹ sí ẹ̀gbẹ́ bàtà Ràsákì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àpọ̀jẹ. Àgbàlagbà ọkùnrin dúró síwájú ìgbẹ́ màlúù, ó ń sọ pé àlìhámúdùlíláì.

Suara bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, ó rí màlúù tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó gbé ọ̀bẹ rẹ̀ nílẹ̀, ó fi aṣọ wé e. Ojúọlápé ti wọlé lọ gbé ìkòkò wàrà. Ràsákì jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Suara.”

“Hẹn.”

“Ọjọ́ tí o pa ìyá ẹ̀, ṣé ojú ẹ̀ là?”

Suara wò ó. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ alápatà láti ìgbà èwe rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó mọ irọ́ pa fún ọ̀rẹ́.

“Ó là,” ó ní. “Ìwọ ló ń wò. Abọ́ ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ ẹ.”

Ràsákì mi orí. Ọdún méje ló fi ń sọ fún gbogbo ayé pé àwọn ọ̀tá ló pa màlúù òun, ó sì ti gbà á gbọ́ bó ti ń sọ ọ́.

“Ìwọ kàn mú ọ̀bẹ ni,” ó ní. “Èmi ni mo pa á. Abọ́ ìyẹ̀fun láàárọ̀, abọ́ ìyẹ̀fun nírọ̀lẹ́.”

Suara gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ràsákì sunkún níbẹ̀, kò sì fi pamọ́. Nígbà tó sun ẹkún náà tó, ó bu omi, ó fọ ojú àti irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́, ó sì lọ kí ìrun tó ti pa jẹ.